Orin Tó Ń Dá Dúró

Orin náà tún dá dúró.

Vlasta fetí lé ògiri. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé. Irú ìgbéyàwó wo ni orin rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ tó tún ń dákẹ́ bí rédíò tí bátìrì rẹ̀ fẹ́ kú?

"Ẹ má fara kan ògiri o, màmá," ni ọmọbìnrin tó ń mú àwọn àlejò kiri ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà sọ fún un. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ti jáde mọ́ ẹ̀yìn wọn, bó ti ń ṣe láti àárọ̀. Oníkálukú ń wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀lé e nínú sálúbàtà aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ tí wọ́n wọ̀ lé bàtà, kí ilẹ̀ pákó àtijọ́ má baà họ. Idà ló kún ara ògiri. Vlasta kò rí ìkankan nínú wọn.

Hynek, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń gbéyàwó lónìí nínú gbọ̀ngàn ilé olódi àtijọ́ tó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí kan náà. Ó ti sọ ọ́ láìfepobọyọ̀: "Màmá, tí ẹ ò bá lè pe Radka lórúkọ, ẹ má wá." Radka ti bímọ fún ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀, "obìnrin yẹn" sì ni Vlasta ń pè é títí di òní. Ló bá kúkú ra tíkẹ́ẹ̀tì bí àjèjì. Ṣé ó wá súre ni, àbí ó wá bà á jẹ́? Òun gan-an kò mọ̀. Ohun kan ṣáá ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: nílùú wọn, ìyá ló ń fa ọkọ ìyàwó lọ́wọ́ wọ gbọ̀ngàn. Ta ló máa fa Hynek?

Orin tún bẹ̀rẹ̀. Vlasta rí ilẹ̀kùn kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó tì í, ó sì ṣí. Ó yà sósì, ó bá àtẹ̀gùn pàdé. Ó yà sọ́tùn-ún, ògiri ni. Orin ń bọ̀ lókè, ó tún ń bọ̀ nísàlẹ̀, gbogbo òkúta ilé náà sì jọra. Orí rẹ̀ dàrú pátápátá, omijé lé ròrò sójú rẹ̀. Orin tún dákẹ́. Ó ya kọ̀rọ̀ kan.

Hynek ló rí, tó dá dúró níwájú ilẹ̀kùn ńlá nínú kóòtù dúdú.

"Ibo lẹ gbà dé ibí?"

"Mo sọnù ni."

Hynek wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹsẹ̀ béárì wo lẹ wọ̀ yìí?"

"Fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀. Kí ló dé tí o ò tíì wọlé?"

"A rí yín látojú fèrèsé níbi tẹ́ ẹ ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti dá orin dúró láti fi dúró dè yín. Inú ti ń bí olórin."

Ojú ti Vlasta gan-an. Ó fẹ́ tọrọ àforíjì. Nígbà tó máa lanu, ohun tó bọ́ síta ni: "Radka ńkọ́? Ṣé inú ò bí òun náà?"

Hynek gbọ́ orúkọ náà, ó sún mọ́ ọn.

"Radka ló ní kí wọ́n máa dá a dúró."

Ó na apá sí i. Vlasta ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí. Orin bẹ̀rẹ̀, kò dákẹ́ mọ́. Ó di àárín gbọ̀ngàn kí ó tó rántí sálúbàtà tó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí ó sì tó rí i pé àga kan ṣófo níwájú, èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ dè é.