Ọjọ́ Tí Mo Pàtẹ Sáìtì Bàbá Mi

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé la ṣí Ìsọ̀. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ti ta ohun tí kì í ṣe tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí Ìsọ̀ jẹ́, torí láti ọdún tó kọjá tí mo ti ń ṣàlàyé ẹ̀ fún àwọn èèyàn, wíwò ni wọ́n kàn máa ń wò mí. Ọjà ni, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà. Ẹni tó bá ní wẹ́bùsáìtì tó ti sú u, ibẹ̀ ni yóò gbé e wá. Ẹni tó bá ń wá èyí tó ti lérò, tí kò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látìlẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti rà á. Owó yóò wà lọ́wọ́ wa títí ẹni tó tà á yóò fi kó kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tó rà á lọ́wọ́. Èmi àti Jídé la ni ín. Jídé wà n'Íbàdàn, òun ló ṣe gbogbo iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Èmi wà ní Onitsha níbí, nílé bàbá mi ní Omagba, èmi ni mo kọ òfin. Báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Nítorí Ìsọ̀ ni mo ṣe kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, mi ò sì níbi tí mo lè padà sí bó bá dojú dé.

Òfin tí mo kọ le. Ta ló máa kówó ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kò rí rí bí òfin ò bá le? Bí ẹni tó ra ọjà bá ti sanwó, wákàtí mẹ́fà péré ni ẹni tó tà á ní láti fi kó ọjà sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ ṣí irú ẹ̀ mìíràn fún ọdún mẹ́ta. Bó bá sì yẹhùn, a ó fi àmì pupa sára orúkọ ẹ̀, gbogbo ayé á máa rí i. Inú mi dùn sí òfin yẹn nígbà tí mò ń kọ ọ́. Mo tiẹ̀ kà á sókè fún Jídé lórí fóònù, bí ọ̀gá iléèwé.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú, Jídé pè mí. Àwọn mẹ́rin tó ti ṣèlérí pé àwọn yóò gbé sáìtì wá ti ń sọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

"Bùkún, ìsọ̀ òfìfo la fẹ́ ṣí lọ́la o," ló wí. "Ta ló máa yà síbẹ̀?"

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni Main Market, ọjà ńlá Onitsha. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá mi fi ránṣọ níbẹ̀. Bí ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rán sílẹ̀ bá ti ń tán lórí ìkọ́, wọ́n á kọjá sí ìsọ̀ ẹnìkejì, wọ́n á gbé mẹ́ta tàbí mẹ́rin wá, wọ́n á sì fi kọ́ sáàárín tiwọn kí ìsọ̀ lè kún. Gbogbo ọjà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń jókòó sábẹ́ tábìlì wọn, tí mò ń wo bí wọ́n ṣe ń gbé e. Mi ò rí i kí ẹnikẹ́ni bínú rí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rò pé ohun tí mo fẹ́ ṣe kò burú.

Mo gbé Ará Ẹ̀bá Odò síta.

Sáìtì bàbá mi ni. Ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ló jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, mo sì ṣe sáìtì náà fún wọn kí wọ́n má baà máa jókòó wo ògiri. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ìka méjì tẹ ìròyìn àwa Yorùbá tó wà ní Onitsha síbẹ̀: ta ló bímọ, ta ló ṣaláìsí, yàrá wo ló ṣófo, ibo ni Péjú onídìrí kó lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá síbí, tí wọn ò mọ ẹnì kankan, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń yà sí. Orúkọ mi ni mo fi gba sáìtì náà, torí Bàbá ò ní í-meèlì nígbà yẹn. Nígbà tí Ìsọ̀ wá bi mí bóyá èmi ni mo ni ín, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni, mo sì sọ fún Jídé pé Bàbá ti fún mi. Mo dá iye gọbọi lé e, iye tí mo rò pé wèrè nìkan ló lè san án.

Wèrè náà ò pẹ́ kó tó dé. Udoka lorúkọ ẹ̀, èèjẹ́ǹtì tó ń bá èèyàn wá ilé ni, ní Onitsha níbí náà ló wà.

Ariwo ni Jídé fi bọ́ sórí fóònù. "Bùkún! Ó ti tà! Wákàtí kan péré! Mo ti gbé e síta níbi gbogbo!"

"Ó tà?"

"Ó tà! Kí ló dé tí ohùn ẹ rí bẹ́ẹ̀?"

Mo ní ayọ̀ ni. Irọ́ mìíràn nìyẹn. Lójú kọ̀ǹpútà, aago kan ti ń ka wákàtí sẹ́yìn: márùn-ún, àti ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Èmi náà ni mo ní kí Jídé fi aago yẹn síbẹ̀ kí àwọn tó ń tajà má baà sùn lọ.

Bàbá wà ní pálọ̀. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ fóònù, tí wọ́n ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jáde. Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, wọ́n wọlé wá bá mi, ojú wọn ń dán.

"Bùkúnmi, èrò pọ̀ lọ́dọ̀ wa lónìí o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó ni, ó ti tó ìlọ́po mẹ́rin ti àná. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó gbọ́ pé ọjà ti tà ló ń rọ́ lọ wò ó. Mo ní, "Bóyá àwọn èèyàn ló ń sọ fún ara wọn, Bàbá."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀." Wọ́n na fóònù sí mi. "Bá mi fi fọ́tò yàrá yìí sí i. Tọ́lá tí wọ́n gbé wá láti Abẹ́òkúta ò tíì ríbi sùn sí."

Mo gbà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi fọ́tò tí kì í ṣe òun sí i. Bàbá ní ṣé mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹun. Kí ló tiẹ̀ ń ṣe bàbá yìí tí wọ́n fi ń ṣe mí jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ tí mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣe mí jẹ́jẹ́? Ó kù díẹ̀ kí n bínú sí wọn.

Bí wọ́n ṣe jáde ni mo pe Udoka.

"Oga Udoka, abeg, that site get small problem."

"Madam, which problem? I don pay. Una page dey show am."

"E no suppose dey there. I go return your money complete."

Kò gbóná rárá, ìyẹn ló sì burú jù fún mi. "Madam, I don tell my people. And na you write the rule. I read am well well. Na the rule make me trust una."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo gbé fóònù sílẹ̀.

Nígbà tó fi di ọ̀sán, èèyàn mọ́kànlá ti gbé sáìtì wá. Ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun fẹ́ rí i bóyá ọjà àkọ́kọ́ yìí máa parí dáadáa kí òun tó gbé tòun wá. Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn títí ó fi há sí mi lórí. Bí mo bá fagi lé e, àmì pupa àkọ́kọ́ lórí Ìsọ̀, ara orúkọ èmi tí mo ni ín ló máa wà. Ta ló tún máa gbà wá gbọ́? Bí mi ò bá sì fagi lé e, kí ni Bàbá máa jí lọ bá láàárọ̀ ọ̀la? Mo dìde, mo jókòó, mo mu omi, mo tún dìde.

Aago méjì kọjá, Jídé tún pè. "Bùkún, o ò tíì kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Kí ló ń dá ẹ dúró?"

"Jídé, sáìtì bàbá mi ni."

"Mo mọ̀. O ní wọ́n fún ẹ ni."

Mo ní lóòótọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀. "Olúwabùkúnmi," ló wí, kì í sì í pe orúkọ mi tán bẹ́ẹ̀, "ṣé Bàbá mọ̀?"

"Wọn ò mọ̀."

"Ohun tó bá wù ẹ́ ni kó o ṣe," ló wí. "Ṣùgbọ́n ṣe é kí aago tó pé." Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ì bá kúkú bú mi.

Aago mẹ́ta àtààbọ̀ ni mo jáde sí pálọ̀. Mo ti pinnu. Màá sọ fún wọn, wọ́n á bínú, wọ́n á ní àwọn ò tà, èmi á sì fagi lé e torí pé bàbá mi kọ̀. Ẹ wo ọgbọ́n orí mi. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀: ìsọ̀ òfìfo, ṣẹ́ẹ̀tì orí ìkọ́, Udoka, òfin ọlọ́dún mẹ́ta. Bàbá ò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n gbé e lé orúnkún.

"Ọ̀dọ̀ Nwachukwu tó wà nísọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi ni mo ti máa ń gbé ṣẹ́ẹ̀tì," ni wọ́n wí. "Kí n tó fọwọ́ kàn án, màá ti kí i. Màá ní, ọ̀rẹ́, fún mi ní mẹ́ta kí n fi pàtẹ. Òun ló máa sọ iye tí mo gbọdọ̀ tà á. Nígbà míì á ní rárá, èmi á sì padà lófo. Ìwọ rí èyí tí mo gbé. O ò gbọ́ èyí tí mo sọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ ṣáà sọ pé ẹ ò tà. Màá fagi lé e báyìí, kí àmì pupa wà lára mi."

"Kó lè jẹ́ pé èmi ni mo ba ọjà ẹ jẹ́?" Wọn ò gbóhùn sókè. "Nígbà tí ò ń gbé e síta, o ò bi mí. Ìgbà tó wá ká ẹ mọ́ lo ń bi mí."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbójú sókè. Mo ní kì í ṣe wọn, èmi ni mo fẹ́ fagi lé e.

"Ẹni tó sanwó yẹn, ṣé ó ṣẹ̀ ẹ́ ni? Ó bá ọjà lórí ìkọ́, ó bèèrè iye, ó san án. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi tajà láàárín wọn, kò sẹ́ni tó sanwó fún mi rí tó lọ lọ́wọ́ òfo. Fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀."

"Nna, kedu?" ni wọ́n fi kí Udoka lórí fóònù, Ígbò wọn sì dùn ju tèmi lọ. Wọ́n ní àwọn ni bàbá ọmọbìnrin tó ta sáìtì, pé ọjà ń bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ láìpẹ́. Wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo làwọn ní, kó má pa orúkọ àwọn tó ti kú rẹ́ níbẹ̀. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. "Ọ dị mma," ni wọ́n wí, pé ó dáa. "Ọ dị mma."

"Ó ní òun á rí sí i," ni wọ́n sọ fún mi. "Lọ tẹ̀ ẹ́."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní kó o lọ tẹ̀ ẹ́, Bùkúnmi. Aago ń lọ."

Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, tí mo kó kọ́kọ́rọ́ sáìtì náà lé Udoka lọ́wọ́. Àmì ara ọjà náà di àwọ̀ ewé. Jídé kọ̀wé pé Ọlọ́run ṣeun. Kò pẹ́ sígbà náà, ẹni tó ní òun ń wòye yẹn gbé tirẹ̀ wá, àwọn méjì míì sì tẹ̀ lé e. Gbogbo ohun tí mo ti ń gbàdúrà fún láti ọdún tó kọjá ló dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, ẹkún sì ni mò ń sun. Mo padà sí pálọ̀, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Bàbá.

Fóònù wọn dún. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta. Wálé ni, tí òun àti Ṣùkúrát ìyàwó ẹ̀ ń ta oúnjẹ nítòsí èbúté odò. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn.

"Bàbá! Ṣùkúrát ti bí o! Obìnrin ni! Báyìí báyìí ni wọ́n jáde wá sọ fún mi. Ọdún mẹ́sàn-án, Bàbá, ọdún mẹ́sàn-án!"

"Áà! O kú ewu ọmọ, Wálé. Ọlọ́run á dá a sí."

"Àmín, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ síbẹ̀ kíá, kí gbogbo ará wa gbọ́. Èmi náà ti ṣí i sọ́wọ́ báyìí, mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Bàbá? Ṣé ẹ ti ń kọ ọ́?"

Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù. Wọ́n yíjú sí mi.

"Bùkúnmi, kí ni kí n wí fún un?"