Ìṣó Tó Ń Sọ Ọjọ́ Tí Ewúrẹ́ Yóò Gòkè

Ẹ bá mi bi ewúrẹ́ yìí léèrè ohun tí mo fi ṣe é. Olóríkunkun ni mo ń pè é, òun ló ń ṣáájú agbo mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kó gbogbo wọn sá gun òkè lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì fi orúnkún tó ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́ lé wọn padà wá sísàlẹ̀.

Koríko ìsàlẹ̀ ga dé àyà mi. Kí ló tún ń wá?

“Jẹun, aláìmoore!”

Ó gbóòórùn koríko náà, ó sín, ó kọ ìdí sí mi.

Ǹ bá rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì ni, ọmú rẹ̀ sì ti rọ pẹlẹbẹ bíi tèmi. Èyí tó kéré nínú àwọn ọmọ náà kò lè dìde mọ́.

Ọmọ mi obìnrin fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nínú. “Màámi, ebi ló ń pa á. Bí kò bá rí wàrà mu, yóò kú. Koríko ìsàlẹ̀ yìí ti gbó, ó ti le bí ìgbálẹ̀. Gíga lásán ló ga, kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀. Òkè ni èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú wà.”

“Oòrùn kò tíì dé ara ìṣó.”

“Ìṣó! Màámi, ẹ jọ̀ọ́!”

Bàbá wọn ló kan ìṣó yẹn mọ́ ògiri yàrá wa kó tó kú. Ọjọ́ tí oòrùn àárọ̀ bá gba ojú fèrèsé wọlé tó bà lé e là ń kó ẹran gòkè. Ọgbọ̀n ọdún, kò tàsé rí. Mo fa ọmọ mi wọ yàrá kó lè fojú ara rẹ̀ rí i.

Ó wò ó títí. Ó fìka kan ògiri. “Ihò wo rèé?”

Mo gbójú sókè àjà.

“Màámi, ta ló yọ ìṣó kúrò níbí?”

Ta ni ì bá tún jẹ́? Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tí a ti kó ẹran gòkè, ni mo ra dígí. Mo fẹ́ gbé e kọ́ síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára, kí n lè máa wo ẹwà mi, ni mo bá yọ ìṣó náà, mo kàn án mọ́ ibòmíràn lára ògiri. Ẹwà wo, ní àádọ́rin ọdún! Oòrùn ti kọjá lára ihò náà láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ewúrẹ́ mọ̀. Èmi ni n kò mọ̀.

N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Mo gbé ọmọ ewúrẹ́ pọ̀n, a forí lé òkè. Olóríkunkun ń lọ níwájú, ó ń bojú wẹ̀yìn wò mí bí ẹni ń dúró de ọ̀lẹ. Koríko òkè kúrú, ó rọ̀, ó tutù yọ̀yọ̀. Olóríkunkun kò tilẹ̀ gbórí sókè títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Ní ọjọ́ kẹta, ọmú rẹ̀ kún. Ọmọ kékeré náà dìde, ó gbá ọmú mú, ìrù rẹ̀ ń jó.

Mo ti dá ìṣó padà sínú ihò rẹ̀. Ilẹ̀ ni dígí mi wà báyìí, ẹsẹ̀ mi nìkan ni mo ń rí nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà tún wá wú.