Àtàǹpàkò Moráyọ̀

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín o. Téèyàn bá wà nínú wheelchair níbi tí gbogbo ayé ti dìde dúró, ìdí ló máa máa wò. Ìdí olówó, ìdí tálákà, ìdí tó wọ jíìnsì. Èmi ò sì lọ wo ìdí ní Woolwich. Àtàǹpàkò ni mo lọ wò.

Ọmọbìnrin kan wà ní Glyndon Estate, ní Woolwich níbẹ̀, Moráyọ̀ lorúkọ ẹ̀, jìtá ló ń ta. Èmi náà ta jìtá fọ́dún mẹ́sàn-án l'Abẹ́òkúta kí n tó wá máa wa bọ́ọ̀sì nílùú òyìnbó níbí, kí ẹsẹ̀ tó kọ iṣẹ́, etí mi kì í purọ́ fún mi. Wọ́n fi orin ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo gbọ́ jìtá méjì: ọ̀kan ń lé, ọ̀kan ń gbè. Wọ́n ní rárá, òun nìkan ni, àtàǹpàkò ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ẹnìkejì. Mo ní irọ́ ni. Mo gbìyànjú ẹ̀ nílé, ọwọ́ wú mi. Mi ò rí oorun sùn mọ́. Mo ní àfi kí n fojú ara mi rí i.

Kò pẹ́ tí mo gbọ́ pé ó fẹ́ ṣeré ní gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn Woolwich Arsenal Station. Èmi àti Àbẹ̀bí ìyàwó mi, ìyá Zion ọmọ wa, wọ bọ́ọ̀sì láti Thamesmead. Wọ́n ṣe pèpéle kékeré fún àwa oníkẹ̀kẹ́, ó dáa, àmọ́ wọ́n ti gbé spíkà ńlá sórí ẹ̀. Jason tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní kò ṣeé gbé kúrò.

Mo ní, “Ṣé ẹsẹ̀ ń dun spíkà náà ni?”

Ó ní, “Sorry, Uncle.”

Moráyọ̀ bẹ̀rẹ̀ eré, gbogbo èèyàn dìde. Ìdí bo ojú mi.

“Mama Zion, kí lo rí?”

“Ó wọ bàtà pupa.”

“Ọwọ́ ni mo bi ẹ́!”

“Ọwọ́ ẹ̀ wà níbẹ̀.”

“Àtàǹpàkò ńkọ́?”

“Òun náà wà níbẹ̀, Daddy Zion. Àbí ẹ fẹ́ kó wà nílé ni?”

Inú bí mi. Mo fọwọ́ kan ọmọbìnrin tó wà níwájú mi, mo fẹ́ ní kó yẹ̀ fún mi díẹ̀. Ó yíjú, ó rí irun funfun. Kí n tó la ẹnu, ó ti kúnlẹ̀. “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà.”

Ọ̀nà là! Mo rí bàtà pupa. Mo ní, “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi,” ló bá dìde, ló bá tún dí mi lójú.

Háà. Àṣé bó ṣe rí nìyí.

Mo fọwọ́ kan bọ̀dá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti bíà lọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò yára dáhùn. Ẹni tó bá ń gba àdúrà àgbà kì í dìde láàárín. Mo ní, “Wàá jèrè ọmọ. Ìwé ìgbélùú ẹ á jáde. Bọ́ọ̀sì ò ní fi ẹ́ sílẹ̀ lọ.” Ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ gbọ́ àdúrà, òun náà kúnlẹ̀, ó ní àmín. Ẹ mọ àwọn èèyàn wa, ṣọ́ọ̀ṣì ti wọ̀ wọ́n lára. Ìlà kan lọlẹ̀, ìlà kejì tẹ̀ lé e. Ọmọ kan tí wọ́n bí síbí juwọ́ sí mi, ó ní, “You good, Uncle?” Àbẹ̀bí wò ó látòkè délẹ̀, ó ní, “Ta ni ìyá ẹ?” Kíá ló wà nílẹ̀. Adrian, òyìnbó kan tó ga bí òpó iná, rò pé ijó ni. Ó kúnlẹ̀, ó ń bi wọ́n pé ẹsẹ̀ wo ló kàn.

Jason sáré dé, ó ní kò sáyè kéèyàn sùn sílẹ̀, tí iná bá ṣẹ́ yọ ńkọ́? Mo kàn wò ó. Ará Ìjẹ̀bú ni ìyá ẹ̀, ó ti sọ fún Àbẹ̀bí lẹ́nu ọ̀nà. Ó dọ̀bálẹ̀.

Gbọ̀ngàn wá mọ́ fo. Ó ku èmi, ó ku Moráyọ̀. Ó ti dijú sínú orin tẹ́lẹ̀; ó la ojú, ó rí i pé gbogbo èèyàn ti kúnlẹ̀ fún bàbá àgbà kan. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni. Òun náà kúnlẹ̀! Spíkà iwájú ẹ̀ gbé e mì, irun orí ẹ̀ nìkan ni mò ń wò.

“Moráyọ̀! Dìde!”

“Rárá o sà. Ẹ ṣàdúrà yín tán, sà.”

“Àdúrà tìẹ, orí ìdúró la ti ń gbà á! Dìde, kí o máa ta á!”

Ó dìde. Ó ta á.

Kì í ṣe irọ́ o. Àtàǹpàkò ń rìn lórí okùn tó nípọn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, àwọn ìka tó kù ń sáré níwájú ẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ta jìtá, àtàǹpàkò tèmi kàn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi láńlọ́ọ̀dù.

Ẹnì kan ké nílẹ̀ pé, “Daddy, orúnkún mi o! Ẹ ṣàmín!”

Àbẹ̀bí ní, “Daddy Zion, ẹ tú ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.”

Orin ṣì ku ẹsẹ kan. Mo gbọ́wọ́ sókè.

“Àti pé, Olúwa...”