Tábìlì Tó Há Lẹ́nu Ọ̀nà

Obìnrin télọ̀ yìí kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́, títí kan ara rẹ̀. Bó bá wọn èjìká oníbàárà tán, á tún un wọ̀n, á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta bí ẹni pé èjìká náà fẹ́ sá lọ. Ọkùnrin tí kì í ka nǹkan sí ló ti pinnu pé òun máa fẹ́, kí ara lè tu ẹnì kan nínú ilé.

Àfi bí ọkàn rẹ̀ ṣe lọ fà sí káfíńtà tó wá kan tábìlì ìgéṣọ fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkùnrin náà wọn ibi tí tábìlì yóò wà. Télọ̀ náà wọ̀n ọ́n tẹ̀lé e. Wọ́n jiyàn lórí ìdajì íńṣì ní gbogbo ọ̀sán, kò sẹ́ni tó gbà fún ẹnì kejì, inú àwọn méjèèjì sì ń dùn ṣìnkìn.

Nígbà tí káfíńtà wá ní òun fẹ́ fi í ṣaya, ẹ̀rù ba télọ̀. Ó ní òun á fèsì lọ́jọ́ tí tábìlì bá dé. Ó sá lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó ní òun fẹ́ràn ọkùnrin yìí dénú, ṣùgbọ́n ẹni méjì tí kì í jẹ̀bi, ta ni yóò máa bẹ ta ni? Ẹ̀gbọ́n ní ìbéèrè yẹn ju agbára òun lọ.

Tábìlì dé, ó ń dán gbinrin. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀gbọ́n náà pẹ̀lú, gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó há. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbé e, ó tún há. Àṣé nínú gbogbo wíwọ̀n yẹn, kò sẹ́ni tó wọn ilẹ̀kùn. Télọ̀ múra ìjà sílẹ̀.

"Ẹ̀bi mi ni," ni káfíńtà wí.

"Rárá o. Èmi ni mo nilé, ẹ̀bi mi ni." Ọ̀rọ̀ náà ya télọ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́nu, torí kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Iṣẹ́ tèmi ni, ẹ jọ̀ọ́."

"Ojoojúmọ́ ni mò ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ má gba ẹ̀bi mi mọ́ mi lọ́wọ́."

Wọ́n fà á títí. Ẹ̀gbọ́n béèrè bóyá òun lè sọ ẹsẹ̀ tábìlì tó wà lọ́wọ́ òun kalẹ̀, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ibẹ̀ ni télọ̀ ti ṣàkíyèsí pé ẹ̀rù ò ba òun mọ́.

"Mo gbà láti fẹ́ yín," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀bi mi ni."

Omi lé ròrò lójú káfíńtà. "Mo dúpẹ́ ti ìgbéyàwó," ló wí. "Ti ẹ̀bi yẹn ni mi ò gbà."