Ìyẹ̀fun Pákó Lára Bàbá Ìyàwó

Ní ọdún 1958, Caroline, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlábámijí, akọ̀wé ẹrù ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Ọ̀fà, bí, kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí ó le ju irin lọ.

"Bàbá, ó ku Sátidé mẹ́ta tí n ó lọ sílé ọkọ. Bí òórùn ọtí bá wà lẹ́nu yín lọ́jọ́ náà, Bàbá Kékeré ni yóò fà mí lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Bàbá Kékeré ni Dúrótìmí, àbúrò Ọlábámijí, ẹni tí ó ti rán agbádá tuntun sílẹ̀ de ipò náà.

Ní ọjọ́ Ajé, Ọlábámijí búra pé òun ti jáwọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó fi ẹmu fọ ìbúra náà dànù. Ní Ọjọ́rú, ó tún búra. Ní Ọjọ́bọ̀, bí ó ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ tún ti ń wá ọ̀nà ilé ẹlẹ́mu. Ìgbà náà ni ó rí ohun ìyanu ní ẹ̀yìn ilé Tàjùdéèn gbẹ́nàgbẹ́nà. Àwọn àgbà ọkùnrin ń wọ inú àtíbàbà rẹ̀ bí ẹni tí ó ń lọ kí ọlọ́fọ̀. Bí wọ́n bá sì ń jáde, wọ́n a máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, fìlà wọn a ti yẹ̀, ìyẹ̀fun pákó a kún irùngbọ̀n wọn, ẹ̀rín a sì máa da omi lójú wọn. Tíṣà Oyètúndé pàápàá wà nínú wọn, ọkùnrin tí ọmọ ilé-ìwé kankan kò rí eyín rẹ̀ rí!

"Ọtí wo ni èyí?" ni Ọlábámijí bi ara rẹ̀. "Ọtí tí ó mú Tíṣà rẹ́rìn-ín, èmi yóò ha kú láì tọ́ ọ wò? N ó mu ẹyọ kan péré, n ó sì jáwọ́."

Ó wọlé, ó tẹríba. "Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìgbádùn. Ẹ bu tèmi."

Tàjùdéèn bu igbá kan kún fún un. Ó gbé e sẹ́nu, ojú rẹ̀ sì fà ro.

"Omi nìyí!"

"Omi ni, Akọ̀wé," ni Tàjùdéèn dáhùn. "Òun ni àwa tí a ti kọ ọtí sílẹ̀ ń mu. Nígbà tí a ṣì ń mutí, èmi ń kírun lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́, mo sì ń fi ìgò pamọ́ sábẹ́ pákó. Tíṣà ń mu tirẹ̀ nínú ife tíì. A kò rí ẹni tí yóò gbà wá, ni a bá ń gba ara wa. Ìjàkadì ni orò Ọ̀fà, àbí kì í ṣe òun? Ẹni tí òùngbẹ ọtí bá ń gbẹ, kí ó ké sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹni tí a ké sí kò gbọdọ̀ kọ̀. Bí ó bá wà lórí oúnjẹ, kí ó ṣan ọwọ́. A ó bá a jà títí òùngbẹ náà yóò fi sá lọ. Ṣé ó ń gbẹ yín báyìí?"

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí!"

"Tíṣà, ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì!"

Kí Ọlábámijí tó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, Tíṣà ti gbá a mú ní ìbàdí, ó ti fi ẹ̀yìn rẹ̀ lu òkìtì ìyẹ̀fun pákó. Ó dìde, Tíṣà tún dá a. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fi ẹsẹ̀ kọ́ Tíṣà, àwọn méjèèjì sì wó lulẹ̀ pọ̀ bí àpò àgbàdo. Ẹ̀rín pa Ọlábámijí. Ó rẹ́rìn-ín títí kò fi rí èémí tí yóò fi rántí ọtí.

Láti ọjọ́ náà, ó di ọmọ ẹgbẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, òùngbẹ mú kí wọ́n dá a lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ìgbéyàwó pé. Àwọn àna gbé ọtí ṣìnáàpù wá sí ilé ìyàwó, nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá ìyàwó ni àṣà sì ní kí ó ṣí i. Bí ìdérí ti kúrò, òórùn náà gun imú Ọlábámijí lọ sí àtàrí. Ó gbé ìgò náà kalẹ̀, ó ká agbádá lé èjìká, ó sì sáré lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí Tàjùdéèn dúró sí nínú ẹ̀wù funfun báláú.

"Òùngbẹ!"

"Lónìí? Nínú aṣọ yìí?"

"Òfin ni òfin!"

"Bísímílàhì," ni Tàjùdéèn wí, ó sì kì í mọ́lẹ̀.

Nígbà tí agogo dún, bàbá ìyàwó yọ sí gbangba: koríko wà lórí rẹ̀, apá agbádá rẹ̀ ti ya, bàtà rẹ̀ ku ẹyọ kan, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Yéè! Ó ti mu ún yó!" ni àwọn ènìyàn kígbe.

Dúrótìmí tún agbádá rẹ̀ ṣe. "Caroline, má da ara rẹ láàmú. Bàbá Kékeré rẹ wà níbí."

Omi dúró lójú Caroline. Ó rìn tọ bàbá rẹ̀ lọ. "Bàbá, ẹ ya ẹnu."

Ó ya ẹnu gbàgà níwájú gbogbo ìjọ. Caroline gbóòórùn lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbóòórùn.

"Kí ni ẹ jẹ?"

"Iyẹ̀pẹ̀ ni, ọmọ mi. Tàjùdéèn ni ó mú mi jẹ ẹ́."

Ẹ̀rín bú jáde lábẹ́ ìbòjú Caroline. Dúrótìmí ní kí òun náà gbóòórùn. Ó gbóòórùn, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. "Iyẹ̀pẹ̀ lásán ni lóòótọ́."

"Ẹ jẹ́ kí a lọ, Bàbá," ni Caroline wí, ó sì di apá rẹ̀ mú.

"Bàtà mi ku ẹyọ kan."

"Ẹ bọ́ ọ sílẹ̀."

Ó bọ́ ọ. Bàbá àti ọmọ wọ ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìwúrí, Dúrótìmí sì gbé bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan náà tẹ̀ lé wọn.