Ìwé Ìbò Tí Kò Ní Àmì

Bàbá àgbà tó ń ka ìbò alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bàtà tú àpótí sórí tábìlì, ó sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ọgọ́rùn-ún ìwé ni. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń rán awọ ní àádọ́ta, ẹni tí máníjà fẹ́ kó wọlé ní ọgbọ̀n, ẹnì kẹta ní mọ́kàndínlógún. Ẹyọ kan tó kù, kò sí àmì kankan lára rẹ̀.

Bàbá fúnra rẹ̀, tó ṣì ń dìbò nínú ẹgbẹ́ títí dòní, ló mú òfin tí wọ́n fi ń ka ìbò wá nígbà tó ṣì ń gé awọ. Lọ́dún yẹn, ẹni tí ìbò rẹ̀ ò tó ìdajì rárá ló di alága, ó sì ta gbogbo wọn fún ọ̀gá. Ni bàbá bá ní ẹni tí kò bá ní ju ìdajì gbogbo ìwé inú àpótí kò gbọdọ̀ wọlé. Kí àwọn méjì tó ṣíwájú tún wá gbéná wojú ara wọn lọ́sẹ̀ kejì. Òfin ọ̀hún ràn bí iná ọyẹ́: àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì gbà á, àwọn awakọ̀ gbà á, títí kan àwọn olùkọ́ tí kì í gbà pé ẹlòmíràn gbọ́n.

Òfin yìí náà ló wá há bàbá lọ́fun báyìí. Ọmọ rẹ̀ ló ṣíwájú àwọn tó fẹjọ́ máníjà sùn nítorí òórùn gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ bàtà, tó ń bà wọ́n ní ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Wọn ò lè lé alága ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n tí kò bá wọlé, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, òun nìkan ló sì ń bọ́ ọmọ mẹ́ta.

Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ bàbá pé kó yọ ìwé òfìfo náà kúrò: àádọ́ta nínú mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ti ju ìdajì lọ. Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Bàbá ní gbogbo ìwé ni òfin wí. Olóòótọ́ èèyàn ni o. Òótọ́ ọ̀hún ló fẹ́ pa á.

Ọ̀sẹ̀ kan péré ni máníjà rí, ó sì lò ó. Ó ń pe àwọn òṣìṣẹ́ wọ ọ́fíìsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣèlérí fún àwọn kan, ó dẹ́rù ba àwọn yòókù. Nígbà ìbò kejì, bàbá fàmì sí ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mẹ́tàdínláàádọ́ta ló ní. Ẹnì kejì ní mẹ́tàléláàádọ́ta.

Bàbá bá ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń mú sísọ́ọ̀sì rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ tó fi ń rán awọ. Ọmọ náà ní òun kàn fẹ́ mọ ẹni tó ju òfìfo yẹn sínú àpótí lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Èmi ni," bàbá wí. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé bàbá ẹ ló yàn ẹ́."

Ọmọ náà ju sísọ́ọ̀sì sínú báàgì.

"Èèyàn àádọ́ta tí ò bí mi ló yàn mí, bàbá mi."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.