Ẹ Má Kọ Ẹ̀yìn sí Tjalling

"Dókítà ní òtútù lásán ni," Wietske wí, ó sì di etí tábìlì mú kí ikọ́ tó tún gbé e.

Gerbrich, ọ̀gá wọn, ń wo bí èjìká obìnrin náà ṣe ń gbọ̀n. Ibi tí wọ́n ti ń di olú sínú páálí ni wọ́n wà, nísàlẹ̀ ilé iṣẹ́ wàrà àtijọ́ ní ìlú Sneek. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn àpò gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí so rọ̀ láti òkè délẹ̀, olú sì ń yọ lára wọn bí etí.

"Òtútù wo ló ń ṣe èèyàn láti ìgbà ìkórè títí di àsìkò yìnyín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi."

"Òótọ́ náà nìyẹn. Àbí kí n kú kí ẹ tó gbà ni?"

Òótọ́ kọ́. Ohun tí dókítà sọ lánàá ni pé, "Eruku olú ti wọ ẹ̀dọ̀fóró yín, ìyá. Ẹ ò gbọdọ̀ wọ yàrá olú mọ́ láé." Wietske gbé ọ̀rọ̀ náà délé, ó kúnlẹ̀ gbàdúrà lórí rẹ̀ títí, ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ òun ló ń bẹ Ọlọ́run fún, kò rántí bẹ̀bẹ̀ fún ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìbànújẹ́ ọkàn fi dá a dùbúlẹ̀ kí Gerbrich tó gbà á síṣẹ́. Ibi gbogbo tó ti wáṣẹ́ ni wọ́n ti rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, tí wọn kò sì pè é mọ́. Níbí ni wọ́n ti gba arọ, tí wọ́n gba ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń fà. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí àwọn ilé kọfí ń dà nù ni wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ lọ tọrọ, olú tó ń tinú rẹ̀ jáde sì ń bọ́ àwọn aláìsàn ní ọsibítù.

"Ìbòmú yín ńkọ́?"

"Kì í kúrò lójú mi."

"Irọ́!"

Tjalling, ọmọkùnrin tó wà ní òdìkejì tábìlì, ló bú jáde bẹ́ẹ̀. Adití ni, kì í mọ ìgbà tí òun ń pariwo. Ètè èèyàn ló ń wò kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe fòfin de kíkọ ẹ̀yìn síni níbẹ̀. Òun àti Wietske ló jọ ń já olú.

"Abẹ́ àgbọ̀n ni ìbòmú Àǹtí máa ń wà, bí irùngbọ̀n òbúkọ!"

Ó rẹ́rìn-ín, òun nìkan. Nígbà tó rí ojú Gerbrich, ẹ̀rín náà kú.

"Kí ló dé tí ẹ fi ń bọ́ ọ?" Gerbrich bi Wietske.

Wietske wo ojú ọmọkùnrin náà tó lẹ̀ mọ́ ètè òun. Bẹ́ẹ̀ ni Tjalling ṣe máa ń wò ó nínú yàrá olú, bí Wietske bá ń sọ ìtàn ológbò aládùúgbò rẹ̀ fún un, láàárín àwọn olú tí ọwọ́ wọn kò tètè kárí, tí wọ́n ti gbó, tí eruku funfun ń dà lára wọn bí ìyẹ̀fun. Wietske yí padà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

"Báwo ni ì bá ṣe gbọ́ mi bí ìbòmú bá bo ètè mi?" ó wí fún Gerbrich. "Kó wà níbẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀? Mo mọ bó ṣe ń rí. Dókítà ní n ò gbọdọ̀ wọlé síbẹ̀ mọ́. Màá lọ. Ẹ ṣáà má sọ fún un."

"Nítorí Tjalling lẹ ṣe ba ẹ̀dọ̀fóró yín jẹ́?"

Gerbrich gbàgbé pé Tjalling ni òun dojú kọ, tó ń wo ètè òun.

"Nítorí èmi?" Ohùn Tjalling kò ròkè lọ́tẹ̀ yìí. "Àǹtí, ẹ kọjú sí mi."

Wietske yí padà. "Ooru ni," ó wí díẹ̀díẹ̀. "Ooru ló ń mú mi nínú ìbòmú yẹn." Èémí ń rú bí èéfín lẹ́nu rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́, nítorí òtútù ibẹ̀.

Tjalling wo ètè rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó di ojú rẹ̀ méjèèjì, kò sì sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Àtẹ̀gùn tó jáde sí ìgboro kò jìnnà. Wietske mú kóòtù rẹ̀, ó sì tún gbé e sílẹ̀. Ó fa àpótí ìjókòó kan wá síwájú ọmọkùnrin náà, ó jókòó, ó ń dúró kó la ojú, kó lè sọ òótọ́ fún un.